Ìyá Fótò ti Òsì àti Ọwọ́ Tó Ṣẹ́kù

Mànàmáná kò kọ lójú ọ̀run ìlú wa Òsì fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tí Ìyá àgbà mi ra kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù. Òjò ń rọ̀ o, ààrá ń sán, ṣùgbọ́n mànàmáná fà sẹ́yìn, nítorí pé ó ti rí fílàṣì Ìyá lẹ́ẹ̀kan, ojú sì tì í. Ó rán ìjì wá bá wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dín iná yẹn kù díẹ̀, kí òun náà lè rí ojú jáde láàárín ẹgbẹ́. Ìyá ní àwọn ti gbọ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di iná mú.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ìbá lọ bi Ìyá fúnra wọn léèrè, àmọ́ a ti sin wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Àwọn ọmọ ìlú tó wálé wá sìnkú ti padà sí ibi tí wọ́n ti wá, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣu nínú búùtù, n kò sì rí ẹni tó sọ bí obìnrin náà ṣe rí gan-an. Gbogbo wọn ní "ìyá dáadáa ni". Ìyá dáadáa pọ̀ nílẹ̀ yìí bí erùpẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ yàtọ̀.

Àbúrò tí wọ́n bí gbẹ̀yìn fún ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ìyá àgbà náà nìyẹn, kò sí àlàyé mìíràn. Èmi ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, àwọn ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún. Bí a bá jọ ń rìn lọ, àwọn àlejò a máa rò pé tọkọtaya ni wá, Ìyá a sì fi ọ̀pá gbá mi lójúgun pé èmi ni mo jẹ́ kí ojú mi gbó ju bó ti yẹ lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an kò parí, nítorí pé èmi àti olùkọ́ kò gbọ́ ara wa yé. Mo wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ojú mi fi kọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà sí Òsì pé mo fẹ́ sinmi, Ìyá gbé iná lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sinmi pẹ̀lú ìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìlọ́fà. Ọkọ wọn ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, gbogbo ìlú rò pé wọn yóò sọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fótò di àká iṣu. Wọ́n kó iṣu sí i lóòótọ́. Wọ́n sì ń fọ fótò láàárín iṣu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Ìyá Fótò, títí ọmọdé kò fi mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi rì wọ́n bọmi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé Ìyá kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rẹ́rìn-ín. Èébú ni wọ́n fi ń tún ojú èèyàn ṣe. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wá ya fótò kékeré, ó jókòó gbagidi bí òpó iná. Ìyá wò ó láti ẹ̀yìn kámẹ́rà.

"Tíṣà, ẹnìkan kú nílé yín ni?"

"Rárá, Màmá."

"Ṣé wọ́n kan ìṣó mọ́ yín lọ́rùn ni?"

Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà ti dún nígbà yẹn. Obìnrin mìíràn ti ìlú ńlá wá síbi ìsìnkú, ó kun àtíkè bí ẹni tó ṣubú sínú ẹ̀lùbọ́. Ìyá gbé omi fún un kó lọ fọjú. Ó bínú, ó ní òun ló ni ojú òun. Ìyá kò gbé kámẹ́rà sókè. "Bí o bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ dá ọ mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la, jẹ́ kí èmi rí ọ lónìí."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti kọ̀ǹpútà, nítorí òun ló sọ Ìyá di olókìkí láti Òsì títí dé Ọ̀bọ̀-Ilé.

Ọmọ ọmọ wọn kan ló fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ránṣẹ́ láti ìlú ńlá. Ètò tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe bí ọmọlúàbí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ ọ́ sójú pé àkókò ti pé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo fótò tí a ti tún ṣe sínú rẹ̀. Ìyá bá a jà. Wọ́n pè é ní olè, wọ́n pè é ní ọmọ àlè, wọ́n fi aṣọ bò ó lójú kó lè ronú.

Àárín ìjà yìí ni Kọ́pà wọlé. Agùnbánirọ̀ ni, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé e wá ya fótò.

"Màmá, ta lẹ ń bá jà?"

"Ẹ̀rọ yìí ni. Fótò tí mo fi ọwọ́ ara mi yà, ó ní kí n tọrọ àyè kí n tó wò ó."

Kọ́pà ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ètò mìíràn wà tí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ni. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀.

Ojú Ìyá kéré sí i. "Ọ̀fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìjọ wo ni wọ́n?"

"Kì í ṣe ìjọ, Màmá."

"Wọ́n fẹ́ díje dupò ni?"

"Rárá o. Wọ́n kàn fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i lò ni."

Ìyá yíjú sí mi. "Jákọ́bù, di iná mú dáadáa. N kò rí ojú ọmọ yìí tó."

Ní Sátidé, Kọ́pà padà wá pẹ̀lú fílàṣì kékeré kan, irú èyí tí a fi ń kó nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀. Ó yọ ètò ìpìlẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà dànù, ó fi èyí tí wọ́n ń pè ní Línúùsì sí i, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyẹ dúdú kan tó yó bí ẹni tó ti ibi ìkómọ dé. Ó fi ètò ìtún-fótò-ṣe sí i, ó fi èyí tí a fi ń to fótò jọ sí i, ó fi èyí tí a fi ń tẹ lẹ́tà sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bátìrì sólà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni a dúró de oòrùn. Nígbà tí fótò àkọ́kọ́ ṣí láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ahọ́n Òsì yọ lẹ́nu Ìyá, bó ti máa ń yọ bí inú wọn bá dùn tàbí bí ó bá ru. "Ulé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi, àlejò ni mo jẹ́ nínú rẹ̀."

Ẹ má rò pé fótò nìkan ni wọ́n fi ṣe o. Ìyá tí kò fi tááìpù tẹ nǹkan rí, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ìka náà sì ń balẹ̀ bí ẹni ń gún ata. Wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún ìlú mẹ́rin. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀gẹ́ wọn, ojú ewé mẹ́ta, pẹ̀lú fótò ewúrẹ́ náà níbi tó ti ń jẹ ẹ́, wọ́n sì tún fótò náà ṣe kí ojú ewúrẹ́ lè hàn kedere.

Ọjọ́ kan ni mo yọjú wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀, mo rí orúkọ mi lókè. Ìwé onílà-onílà ni. Ìlà kìíní: irọ́ tí Jákọ́bù pa. Ìlà kejì: ẹni tó pa á fún. Ìlà kẹta: bó ṣe gùn sí i nígbà tó tún un pa. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí mo pa lódò. Ní oṣù tí mo pa á, ó gùn bí apá mi. Nígbà tó di Kérésìmesì, ó ga tó mi. Nígbà Àjíǹde, ọ̀kadà méjì ló gbé e délé. Ìyá tẹ nǹkan kan, gbogbo irọ́ náà tún ara wọn tò, èyí tó kéré jù lókè, èyí tó tóbi jù nísàlẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ṣé wọ́n ń fẹ́ kí n jáwọ́ ni.

"N kò ní kí o má purọ́ mọ́, Jákọ́bù. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wà létòlétò."

Ayàwòrán kan ní Ìlọ́fà kò fẹ́ràn gbogbo èyí. Ìyá ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, àgbà tàbí èwe. Wọ́n ń da ètò ọ̀fẹ́ náà kọ sí fílàṣì fún wọn, wọ́n sì ń bu ẹ̀pà fún wọn jẹ. Ọkùnrin náà gun alùpùpù wá, kò bọ́ akoto rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ ń bà á jẹ́ fún wa. Àṣírí iṣẹ́ lẹ ń tú yìí."

"Bọ́ ìkòkò yẹn lórí kí n lè gbọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ó tún un sọ. Ìyá wo fótò ìgbéyàwó kan tó mú dání, wọ́n ní ẹyinjú ìyàwó pọ́n bí ti ológbò nínú rẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i ni? Wọ́n fa àga fún un, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń mú pípọ́n kúrò lójú. Ó lo wákàtí méjì, ó gba fílàṣì, ó jẹ ẹ̀pà, ó sì gbàgbé akoto rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó padà wá mú un, Ìyá sọ ọ́ sí i lọ́wọ́. "Bí o bá mọ iṣẹ́, ṣe é ní gbangba. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, òkùnkùn kò ní kọ́ ọ."

Òfin kan wà tí wọn kì í rú. Nínú ètò fótò yẹn, bí o bá fẹ́ mú nǹkan kúrò lójú àwòrán, o kì í họ ọ́ dànù. Ṣe lo ń bu díẹ̀ nínú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bóyá ewéko, bóyá ògiri, o sì ń fi bò ó lórí ìpele mìíràn, bí ẹni tẹ́ ẹní lé ẹní. Ẹní ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Oníbàárà a gba èyí tí a ti lẹ̀ pọ̀; Ìyá a pa èyí tí ẹní rẹ̀ ṣì ṣeé ká mọ́ sínú fílàṣì mẹ́ta, ọ̀kan nínú agolo ìrẹsì, ọ̀kan nínú Bíbélì, ọ̀kan ní etí ìró. Mo bi wọ́n pé kí ni wàhálà yìí wà fún. "Ohun tí mo bá bò, mo gbọ́dọ̀ lè ṣí i."

Ó ti wá kan ti Ìsọlọ̀-Ọ̀pín.

Bàbá Gébúrẹ́lì kú níbẹ̀, àgbẹ̀ tó ní ìyàwó méjì. Ìyálé ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyàwó kejì, Màmá Rúùtù, kò bímọ. Òun ló tọ́ àwọn ọmọ ìyálé, òun ló wẹ Bàbá fún ọdún mẹ́rin tí apá kan ara rẹ̀ fi rọ. Àwọn ọmọ ń gbé ìlú ńlá. Àkọ́bí wọn, Sọjí, ló wá bá Ìyá pẹ̀lú fótò tí Ìyá fúnra wọn yà nínú ọgbà Bàbá náà. Bàbá jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú. Ìyálé jókòó tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì di Bíbélì mú. Màmá Rúùtù dúró lẹ́yìn Bàbá, ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká ọkọ rẹ̀.

"Màmá, iwájú ìwé ètò ìsìnkú la fẹ́ fi í sí. Ẹ bá wa yọ ẹni tó dúró yìí."

"Kí ló ṣe?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá. Wọn ò ní fẹ́ rí ìyàwó méjì."

"Àlùfáà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Sọjí wo ilẹ̀. Àlùfáà kò sọ nǹkan kan, a sì mọ̀ pé kò sọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ojú tàbí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ètò ìsìnkú, wọn kì í pè é kó wá da erùpẹ̀ sí sàréè. Ẹni tí kò bá sì da erùpẹ̀, nígbà tí ẹbí bá jókòó ní ọjọ́ kẹta, àlejò ni wọn yóò pè é. Yàrá tí Màmá Rúùtù ti sùn fún ogójì ọdún, àti ilẹ̀ iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ni wọ́n ń fẹ́ fi ògiri bò.

Ìyá kò jà. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jókòó sí ìdí ẹ̀rọ, wọ́n bu ògiri, wọ́n fi bo gèlè Màmá Rúùtù, wọ́n bo ojú rẹ̀, wọ́n bo ara rẹ̀, títí ògiri fi dán bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò dúró níbẹ̀ rí. Wọ́n wá dé èjìká Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Wọ́n fi ọwọ́ obìnrin náà sílẹ̀ lórí aṣọ òfì tí Bàbá wọ̀, ìka márààrún, pẹ̀lú ẹ̀gbà bàbà.

Sọjí wá, ó wò ó, ó ní ó dára gan-an. Obìnrin ni ojú rẹ̀ ń wá, kò wá ọwọ́. Ó gbà á lọ sí Ìlọrin, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi àti Ìyá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn pẹ̀lú kámẹ́rà, èmi pẹ̀lú iná. Wọ́n pín ìwé náà. Orin kò tíì parí tí mo ti gbọ́ àwọn ìyá àgbà méjì lẹ́yìn mi.

"Ọwọ́ ta rèé?"

"Ọwọ́ Bàbá ni."

"Tirẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀pá. Ọwọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bí i ni?"

"Ọwọ́ ìyálé nìyẹn."

"Èyí tó di Bíbélì mú ńkọ́?"

Ẹnìkan tó ti ìjọ Aládùúrà wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ọwọ́ áńgẹ́lì ni.

"Áńgẹ́lì wo ló ń wọ ẹ̀gbà nítorí làkúrègbé?"

Ẹ̀rín bẹ́, wọ́n fi ikọ́ bò ó. Gbogbo Ìsọlọ̀ ló mọ ẹ̀gbà yẹn. Nígbà tí a dé ẹ̀bá sàréè, ìwé náà ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo èèyàn ń ka ìka. Àlùfáà, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, gbé tirẹ̀ sún mọ́ gíláàsì.

"Sọjí, ọwọ́ ta ni èyí?"

Sọjí làágùn. Ó wo Ìyá. Ìyá ń nu dígí kámẹ́rà.

"Ti Màmá Rúùtù ni, sà."

"Ó dára. Ìyókù rẹ̀ dà?"

"Wọ́n... wọ́n wà nílé ìdáná, sà."

"Lọ mú wọn wá. A ó dúró."

A dúró. Wọ́n mú un dé, èèpo iṣu ṣì wà lára ìró rẹ̀. Kò sọkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ní ẹ̀gbà, ó dà á sórí ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ìyá yà á. Sọjí fúnra rẹ̀ ló dì í lápá mú tó fi gòkè padà, nígbà tí ẹbí sì jókòó lọ́jọ́ kẹta, kò sí ẹni tó dárúkọ yàrá.

Lọ́sẹ̀ kejì Màmá Rúùtù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ fótò náà. Ìyá ṣí èyí tí ẹní rẹ̀ ṣeé ká. Wọ́n tẹ ibi kan, ògiri kúrò, Màmá Rúùtù yọ jáde lójú ẹ̀rọ pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé mo wà níbẹ̀ látìgbà yìí?" Ìyá ní, "Níbo ni o fẹ́ lọ?"

Báyìí ni mo ti ń sọ ìtàn yìí kiri láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, gbogbo èèyàn ń yìn Ìyá fún ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ kí èmi náà tó lọ. Ti ṣọ́ọ̀ṣì rí bẹ́ẹ̀, ti sàréè rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti purọ́ ni ìdí ẹ̀rọ. Ìyá kò yọ Màmá Rúùtù. Lójúkojú ni wọ́n sọ fún Sọjí pé àwọn kò ní ṣe é, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi ni mo sáré tọ̀ ọ́ lẹ́nu ọkọ̀. Itan ẹtu yíyan kan wà nínú búùtù rẹ̀. Mo ní èmi yóò bá a ṣe é, mo gba itan náà, mo jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí Ìyá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ bí mo ti ń rí wọn ṣe, mo fi ògiri bo obìnrin tó ti bu oúnjẹ fún mi láìmọye ìgbà. Mo rò pé mo bò ó tán. Ojú mi kò rí ọwọ́ náà rárá.

Ìyá wọlé kí n tó dìde. Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí. Mo ń retí ọ̀pá. Wọ́n gbé gíláàsì sójú, wọ́n na ìka sí èjìká Bàbá Gébúrẹ́lì, ìgbà náà ni mo tó rí i. Mo tún di màósì mú pé kí n yára bo ìyẹn náà. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú.

"Èyí tó kù yẹn, Jákọ́bù, má fọwọ́ kàn án."

N kò fọwọ́ kàn án.